Ìdí Tí Èèrà Fi Ń Gbé Ọmọ Gòkè Kí Òjò Tó Dé

Nígbà ayé àtijọ́, Òjò kì í dédé rọ̀ lé ẹnikẹ́ni lórí. Bí ọ̀sẹ̀ tuntun bá fẹ́ wọlé, á ránṣẹ́ wá sáyé pé ọjọ́ báyìí òun á kán wínníwínní, ọjọ́ báyìí òun á yẹra fún oòrùn kí àwọn èèyàn lè rí nǹkan sá. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ló máa ń rán, nítorí ìyẹ́ rẹ̀ yá.

Ní àrọ̀kúrò ọdún kan, tí iṣu tuntun ti délé, tí àgbàdo ìkejì ti ń gbọmọ pọ̀n lóko, Òjò pe Alápàńdẹ̀dẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Sáré," ló wí. "Lónìí yìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, mò ń bọ̀ lódindi. N kò sì ní dáwọ́ dúró títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Odò á kún kọjá ẹ̀bá. Àwọn Èèrà ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, torí abẹ́ gbòǹgbò létí odò ni wọ́n ń gbé. Ní kí wọ́n gòkè."

"Bàbá, ẹ ò wá lè rọra ṣe é?"

"Ìkòkò tó kún dẹ́nu, ta ló ń bẹ̀ ẹ́ kó má dà? Máa lọ!"

Alápàńdẹ̀dẹ̀ ta bí ọfà.

Nígbà tó máa dé ọ̀dọ̀ àwọn Èèrà, ìkómọ ló bá níbẹ̀. Ìyàwó ilé ti bímọ, ẹ sì mọ̀ pé èèrà kì í bí ẹyọ kan. Wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ náà sílẹ̀, funfun, rọ̀bọ̀tọ̀, bí ìrẹsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣà. Ìyá Àgbà Èèrà jókòó láàárín wọn pẹ̀lú oyin, iyọ̀ àti omi tútù. Bó bá ti fi oyin kan ọmọ kan lẹ́nu, á ṣàdúrà fún un, á sọ ọ́ lórúkọ, á sì sún mọ́ èkejì.

"Ìyá Àgbà, ẹ kú ọwọ́ lómi o," ni Alápàńdẹ̀dẹ̀ wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Iṣẹ́ kan wà lẹ́nu mi..."

"Ṣé iṣẹ́ ayọ̀ ni?"

Alápàńdẹ̀dẹ̀ mi orí.

"Ó yé mi. Gbé e mì! A kì í sọ̀rọ̀ ibi níbi ìkómọ. Kí ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú kó tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀? Èèwọ̀! Jókòó. Bí mo bá sọ èyí tó kẹ́yìn lórúkọ tán, kí o wá jíṣẹ́ rẹ."

Alápàńdẹ̀dẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ òun náà nílé. Ó jókòó. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé wọn ò kúkú ní pẹ́.

Wọ́n pẹ́. "Èyí ni Ìbíyẹmí." Oyin, iyọ̀, omi, àmín. "Èyí ni Tìjọ́tayọ̀." Oyin, iyọ̀, omi, àmín. Ọmọ tó kù sílẹ̀ ò ní òǹkà.

Ọ̀kẹ́rẹ́, tó wá jẹun, wò ó títí. "Àǹtí, ẹ ń gbọ̀n bí ewé kókò. Àbí oyin ni ọkàn yín ń fà sí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ń gbọ́ ohùn odò. Odò ò kọrin mọ́, ó ti ń kùn, torí òjò ti ń rọ̀ lápá òkè rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ kọjá. Òórùn erùpẹ̀ tútù gba gbogbo ilé. Ẹ̀kán omi kan já bọ́ sórí ewé, pó!

"Òjò ti wá bá wa yọ̀!" ni Ìyá Àgbà wí. Ó fi oyin kan èyí tó wà níwájú rẹ̀ lẹ́nu. "Ìwọ, Béjidé ni wàá máa jẹ́."

Ìyá Ìkókó nìkan ni kò ṣe àmín. Ojú Alápàńdẹ̀dẹ̀ ló ń wò. Ó rọra sún mọ́ ọn.

"Ọ̀rẹ́ mi, kí lo gbé sẹ́nu?"

"Wọ́n ní kí n má sọ."

"Ṣé àwọn ọmọ mi ni?"

Alápàńdẹ̀dẹ̀ yíjú sí odò, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Ìyá Ìkókó ò béèrè mọ́. Ó fi ẹnu gbé ọmọ tó sún mọ́ ọn jù, ó kọrí sí ara igi.

"Ẹ gbà mí o!" Ìyá Àgbà pariwo. "Ta ló ń gbé ọmọ tí kò tíì lórúkọ jáde?"

"Odò ń bọ̀!" Alápàńdẹ̀dẹ̀ ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ gòkè! Ẹ gbé ọmọ, ẹ gòkè!"

Kó tó sọ̀rọ̀ náà tán, omi ti fọ́ ilẹ̀kùn. Àwo oyin dojú dé. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wà lórí igi. Àwọn Èèrà ń he ọmọ nínú omi, wọ́n ń gbé e sáré, wọ́n ń padà wá. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ń fò lọ fò bọ̀ nílẹ̀ nílẹ̀, àyà rẹ̀ ń kan omi, ó ń ké títí ohùn rẹ̀ fi há.

Wọ́n kó púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà. Wọn ò kó gbogbo wọn. Wọ́n wá Béjidé títí, wọn ò rí i.

Lórí ẹ̀ka, Ìyá Àgbà ò lè gbójú sókè. Ìyá Ìkókó ló sọ̀rọ̀.

"Alápàńdẹ̀dẹ̀, n kò bá ọ jà. Àwa la pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, àwa Èèrà ò ní jókòó de iṣẹ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti tutù sí wa lára báyìí, a ó gbé ọmọ wa."

Òjò náà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá lè ní kí iṣẹ́ òun jókòó dúró, òun ò ránṣẹ́ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tí Òjò ń sọ bí ọ̀sẹ̀ á ṣe rí fún. Láti ọjọ́ náà ni Alápàńdẹ̀dẹ̀ ti ń fò nílẹ̀ nílẹ̀ bí òjò bá ṣú, ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára rẹ̀. Àwọn Èèrà ń tò gun ògiri nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn, kálukú pẹ̀lú ọmọ funfun kan lẹ́nu. Wọn kì í dúró kí ẹnikẹ́ni.