Epìyà Tó Dàgbà Ju Ìlú Lọ

Agbo ilé méjì ló tẹ ìlú Òkè-Ẹfun dó. Èyí tó kọ́kọ́ dé nínú àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ tí a kì í dá sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, nítorí oúnjẹ náà yóò tutù. Agbo Ilé Ọlọ́kọ̀ wà létí odò. Apẹja ni wọ́n, ẹja ni wọ́n sì fi ń jẹun láti kékeré títí dọjọ́ ikú, torí pé èèwọ̀ wọn ni ẹran, ìbáà ṣe ti ilé tàbí ti ìgbẹ́. Agbo Ilé Ọdẹ wà lórí òkè. Ẹja ni èèwọ̀ tiwọn, débi pé bí ìyàwó tuntun bá ṣèèṣì se ẹja, ìkòkò náà ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé jù síta kí wọ́n tó dá òun fúnra rẹ̀ lóhùn. Inú òkúta ẹfun ni odò Ẹlẹ́fun tí àwọn méjèèjì ń pọn ti ń jáde wá. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì dùn, ṣùgbọ́n kò sí kẹ́tùlù kan ní ìlú náà tí inú rẹ̀ kò funfun.

Láti ọjọ́ pípẹ́, tìjà tìjà ni wọ́n fi ń gba oyè Baálẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tí Baálẹ̀ tó wà níbẹ̀ papò dà, ọba tó ni ilẹ̀ àgbègbè náà ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní agbo ilé tó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé baba ńlá òun ló kọ́kọ́ dé ni yóò máa jẹ ẹ́ títí ayé. Ẹ wo bí ìlú ṣe gbóná! Omíyalé ni olórí Ilé Ọlọ́kọ̀, ọkùnrin gíga tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ọdẹ́gbàmí ni olórí Ilé Ọdẹ, òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ máa ń ta ni lára. Ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì, wọn kì í sì í bọ̀wọ̀ fún ara wọn rárá.

Ìgbà yìí ni Dókítà Morẹ́nikẹ́ Ṣówándé dé láti yunifásítì, obìnrin tó fi gbígbẹ́ ilẹ̀ wá ìtàn àwọn ará àtijọ́ ṣiṣẹ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bi àwọn tó tẹ ìlú dó léèrè fúnra wọn. Inú yàrá ni wọ́n sin àwọn baba ńlá méjèèjì sí gẹ́gẹ́ bí àṣà, gbogbo ènìyàn sì mọ ojú oórì wọn. Wọ́n ṣe ètùtù, wọ́n sì gbà kí ó mú eyín kọ̀ọ̀kan. Èèpo èkùrọ́ jíjó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú Ilé Ọlọ́kọ̀, ti iná tí wọ́n dá níbi ìsìnkú. Dókítà kó ìyẹn náà.

“Ẹ fọkàn sí i,” ó sọ fún àwọn àgbà. “Irú èédú kan wà lára gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, inú afẹ́fẹ́ ló ti ń wá. Bí nǹkan bá ti kú, ṣe ni èédú náà yóò máa dín kù, bíi káńfọ̀ tí ẹ jù sínú àpótí aṣọ. Bí káńfọ̀ bá ti kéré tó ni ẹ ó mọ bó ti pẹ́ tó níbẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti máa wọn ti àwọn eyín yìí.”

Èsì eyín ló kọ́kọ́ dé. Ti Ilé Ọdẹ jẹ́ nǹkan bí irínwó ọdún. Ti Ilé Ọlọ́kọ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún! Ariwo sọ, odò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́. Dókítà fúnra rẹ̀ ń jó, nítorí kò tíì sí ẹni tó rí ìlú tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo etí odò náà. Wọ́n dá ọjọ́ ìwúyè. Omíyalé ti wọ ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn láti fi dánra wò, kò sì bọ́ ọ mọ́.

“Ọdẹ́gbàmí,” ó pe ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, “ẹ kú àtìpó o. Ẹgbẹ̀ta ọdún la ti ń gbálẹ̀ de yín.”

Ọdẹ́gbàmí yà fún un, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Inú mi dùn gan-an nígbà náà, ọmọ Ilé Ọlọ́kọ̀ ni mí, n kò ní purọ́ fún yín.

Lẹ́yìn náà ni èsì èèpo èkùrọ́ wọlé, irínwó ọdún ni òun náà. Dókítà gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Omíyalé.

“Bàbá, eyín àti èkùrọ́ tí wọ́n jọ sùn nínú sàréè kan ń bára wọn jiyàn.”

“Eyín ló ń gbénú ẹnu, Dókítà. Òun ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀.”

“Mo fura sí odò yín, Bàbá. Ẹ bá mi pa ẹja kan níbẹ̀.”

Omíyalé rẹ́rìn-ín. Ó ní kí odò wá jẹ́rìí òun náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tilé-toko ti péjọ sétí odò nígbà tó da àwọ̀n rẹ̀. Epìyà ńlá kan ló fà jáde. Bó ti ń yọ ọ́ nínú àwọ̀n ni ẹja náà fi ìrù gbá a lẹ́nu, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín títí. Dókítà gé díẹ̀ lára rẹ̀, ó dì í lójú agbo ilé méjèèjì, wọ́n sì sún ìwúyè síwájú títí èsì yóò fi dé.

Lọ́jọ́ tí èsì dé, ọba fúnra rẹ̀ wá, abẹ́ igi ọ̀dán kò sì gba èrò. Dókítà ti ya àpò ìwé, ó sì ń yọ̀.

“Epìyà tí Bàbá mú,” ó wí, “wọ́n ní ó ti kú láti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn.”

Ẹ̀rín wá bú sáyé. Dókítà ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀ pé òkúta ẹfun ti pẹ́ débi pé káńfọ̀ inú rẹ̀ ti tán pátápátá. Omi ń yọ́ òkúta náà, koríko odò ń mu ún, ẹja ń jẹ koríko, baba ńlá Ilé Ọlọ́kọ̀ sì ń jẹ ẹja. Káńfọ̀ tó ti dín kù ló wà lára rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà láàyè. Tí a bá yọ ti odò kúrò, ìgbà kan náà ni òun àti baba ńlá Ilé Ọdẹ gbé ayé.

Àwọn ọ̀dọ́ ilé wa fò dìde. Wọ́n ní wọ́n ti pààrọ̀ ẹja náà, wọ́n ní ẹja wa kọ́. Bí ẹnu kan ṣe ń sọ ọ́ ni òmíràn ń gbà á, títí ọba fi gbọ́wọ́ sókè, tó kọjú sí Omíyalé.

“Ìwọ lo pa á. Ṣé ẹja rẹ ni àbí ẹja rẹ kọ́?”

Gbogbo ojú yí sí i. Bó bá ti lè sọ pé òun kò mọ ẹja náà rí, oyè di tilé wa títí ayé. Mo ń gbàdúrà nínú mi pé kó sọ bẹ́ẹ̀. Omíyalé fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀.

“Kábíyèsí, ẹja mi ni,” ó wí. “Ààyè ni mo mú un, ó sì gbá mi lẹ́nu. Òkú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún kì í gbáni lẹ́nu.”

Ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó gbé e sílẹ̀ níwájú ọba, òun ló sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́gbàmí dìde láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ó wá jókòó tì í, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ní Òkè-Ẹfun. Kò sí oyè fún agbo ilé kankan lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí Omíyalé sọ lẹ́yìn ẹ̀rín rẹ̀ ni àwọn àgbà wa sọ dòwe, òun ni wọ́n sì ń pa títí dòní fún ẹni tó bá fi ọlá ibi tó ti wá ṣe ọlá ara rẹ̀, pé: “Omi ló dàgbà, ẹja ò dàgbà.”