Abèèrèmásùn àti Ọ̀nà Ìdó-Ẹfun

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará Òkè Apá, ẹ̀yin tí ẹ kó ara jọ sábẹ́ igi òdán yìí tí ẹ ń jẹ àgbàdo sísun, tí ẹ ń dúró kí n pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ má retí ẹ̀rín lọ́wọ́ mi lónìí, nítorí inú ń bí mi, ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi, n kò sì rí ohun tí yóò mú un rọ̀. Èmi ni Ọdẹ́sanmí, ọmọ Ọdẹ́tóyìnbó, ọmọ ọkùnrin tó pàdé ẹkùn lórí afárá onígi kan tó sì jẹ́ pé ẹkùn ló yí padà, ọmọ ọmọ arúgbó tó fi ikọ́ lásán lé agbo ẹfọ̀n kúrò nínú oko ẹ̀gẹ́. Ìdílé wa kò bẹ̀rù iwin, a kò bẹ̀rù paramọ́lẹ̀, a kò bẹ̀rù aginjù tí oòrùn kì í dé, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀yin ará ìlú mi ń bà mí lẹ́rù. Bí ẹ bá rò pé eré ni mò ń ṣe, ẹ fetí sílẹ̀.

Gbogbo yín mọ àṣà wa. Ní Òkè Apá níbí, bí àlejò bá wọlé, omi la kọ́kọ́ ń gbé fún un, bó bá sì béèrè ohunkóhun, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó lọ láìgbọ́ ìdáhùn. Ẹni tó bá wí fún àlejò pé òun kò mọ̀, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú ló rí. Àwọn àgbà á pè é ní ahun, ìyàwó rẹ̀ pàápàá á máa tijú bó bá dé odò. Nítorí náà, bí àlejò bá béèrè ibi tí odò Ọ̀sàlá ti ṣàn wá, ẹni tí kò kọjá oko bàbá rẹ̀ rí ni yóò kọ́kọ́ dáhùn. Bó bá béèrè ẹni tó tẹ ìlú kan dó, ẹ óò dárúkọ ẹnì kan fún un. Bó bá béèrè ìdí tí àwọn ará ibì kan kì í fi í jẹ òkété, ẹ óò hun ìtàn fún un lójú ẹsẹ̀, ẹ óò sì ki ara yín kú iṣẹ́ bó bá ti yí ẹ̀yìn padà. Ẹ ń pe èyí ní inú rere. Èmi ń pè é ní ìpànìyàn, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Àbúrò mi kan ṣoṣo, Ọdẹ́wùmí, tí a jọ mu ọmú kan náà, wọ Igbó Aṣìnà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, kò sì padà. Ọdẹ tí wọ́n jọ lọ ló sáré wálé, ó ní ẹbọra kan bi Ọdẹ́wùmí ní ìbéèrè, Ọdẹ́wùmí dáhùn, bó sì ti dáhùn tán ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀, tó ń ta gbòǹgbò. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, wá kúnlẹ̀ níwájú mi pẹ̀lú oyún nínú, ó ní, "Ọkọ mi àgbà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí wáyé kó má bá bàbá rẹ̀." Mo gbé ìbọn mi, mo fi apó kọ́ èjìká, mo so àdó ẹ̀tù mọ́ ìbàdí, mo sì jáde.

Igbó Aṣìnà kì í ṣe igbó tí ènìyàn ń wọ̀ láìpàdé ẹnikẹ́ni. Olójú-Àtẹ́lẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bá, iwin tí ojú rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ ẹsẹ̀, tí kò lè rí nǹkan àfi bó bá dùbúlẹ̀ kó na ẹsẹ̀ sókè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Apọnkùn, tó gbé ikùn ara rẹ̀ pọ̀n bí ọmọ, tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nítorí ebi ń pa á. Lẹ́yìn ìyẹn ni Onírun-Ẹ̀gún tí kò lè fi orí lélẹ̀ sùn, àti Ajẹ̀dajì-Ọ̀rọ̀ tí í gbé ìdajì ohun tí ènìyàn bá sọ mì kí ó tó dé etí ẹlòmíràn, àti àwọn ọmọ ìyá kan tí wọ́n ń fi etí jẹun tí wọ́n ń fi ẹnu gbọ́ràn, tí ọbẹ̀ sì ń ṣàn sí wọn léjìká. Wọ́n tò sójú ọ̀nà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ará Òkè Apá tún ti dé o! Ará Òkè Apá, níbo ni òpin ayé wà? Sọ fún wa, a mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n!"

Mo ní, "Òpin ayé tiyín wà lẹ́nu ìbọn yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kó sún mọ́ mi!"

Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kan, èéfín bo gbogbo ibẹ̀, Apọnkùn ju ikùn rẹ̀ nù kó lè ráyè sáré. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, orúkọ ìlú wa ti di ohun ẹ̀sín fún àwọn tí kò tilẹ̀ ní ojú níbi tó yẹ kí ojú wà.

Ní oríta kan ni mo ti bá Abèèrèmásùn, ẹbọra tó bi àbúrò mi ní ìbéèrè. Ó ga, eruku ọ̀nà ti bò ó débi pé n kò mọ àwọ̀ ara rẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ kò padé rí láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Ọdẹ́wùmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbòǹgbò ti bò ó dé orúnkún. Àwọn igi mìíràn yí wọn ká, igi tó ti dàgbà, tó ti so èso, lórí ẹ̀ka wọn ni mo sì ti rí fìlà. Fìlà Òkè Apá ni gbogbo wọn.

Abèèrèmásùn ní, "Ọdẹ, níbo ni ọ̀nà Ìdó-Ẹfun wà?"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a máa ń wí nílé: Ìdó-Ẹfun wà lẹ́yìn òkè, ní apá ìlà-oòrùn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Nígbà náà ni mo wo ẹsẹ̀ àbúrò mi, mo sì bi ara mi pé ta ni nínú wa tó débẹ̀ rí. Ìbínú gùn mí, mo lọgun, "N kò mọ̀! Bàbá mi kò mọ̀! Kò sí ẹnì kan ní Òkè Apá tó mọ̀, irọ́ ni gbogbo wa ń pa!"

Abèèrèmásùn jókòó sílẹ̀. Ó ní ènìyàn ni òun nígbà kan. Òun ń ti ìrìn àjò bọ̀, òun fẹ́ lọ bá ìyá òun tó ń ṣàìsàn ní Ìdó-Ẹfun, òun sì yà ní Òkè Apá láti béèrè ọ̀nà. Wọ́n fún òun lómi tútù, wọ́n fún òun níṣu, ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín sì nawọ́ sí ìlà-oòrùn. Òun rìn títí òun fi gbàgbé bí wọ́n ti ń sùn.

Ó ní, "Ìwọ ni àkọ́kọ́ nínú yín tó sọ pé òun kò mọ̀. Lọ wá a fún mi. Bó o bá mú irọ́ padà wá, ìwọ àti àbúrò rẹ yóò jọ máa ta ẹ̀ka níbí."

Ọdẹ́wùmí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tètè o, mi ò mọ itan mi lára mọ́."

Mo wá a. Ní gbogbo abà tí mo dé, wọ́n nawọ́ fún mi, ọwọ́ kan sí ọ̀tún, ọwọ́ kan sí òsì. Bí mo bá ti bi wọ́n pé, "Ṣé ẹsẹ̀ yín ti tẹ ibẹ̀ rí?" wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Níkẹyìn mo bá ìyá arúgbó kan tó ń fọ epo ní ẹbu. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ronú, ó ní, "Ọmọ mi, n kò débẹ̀ rí. Ìyá ọkọ mi ló ti ibẹ̀ wá. Ohun tó máa ń sọ ni pé bí àwọn bá lọ pọnmi láàárọ̀ ní Ọ̀sàlá, òdìkejì odò ni oòrùn ti ń yọ sí àwọn lójú. N kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Bí oòrùn bá ń yọ sí wọn láti òdìkejì odò, a jẹ́ pé ìwọ̀-oòrùn odò ni ìlú wọn wà, ìlú tiwa sì wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yin ará Òkè Apá ti ń nawọ́ sí ìlà-oòrùn láti ayébáyé! Mo la odò kọjá, mo tọ etí rẹ̀ lọ, mo sì débẹ̀. Ahoro ni mo bá. Ògiri ti wó, ilá tó hù fúnra rẹ̀ ti gba àgbàlá, agbada tó ti fọ́ wà káàkiri, kòtò ńlá tí wọ́n ti ń wa ẹfun sì wà níbẹ̀, funfun báláú. Mo bu ẹfun díẹ̀ sápò, mo padà.

Abèèrèmásùn ní, "Ta ló ń jọba níbẹ̀?" Mo ní kò sẹ́ni tó ń jọba, ahoro ni. Ó ní, "Ṣé wọ́n ṣì máa ń fi ẹfun kun ojú ilé bí wọ́n bá bímọ?" Mo ní mo rí ẹfun lára ògiri tó kù, n kò mọ ìdí tí wọ́n fi kùn ún. Ó ní, "Níbo ni wọ́n ṣí lọ?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ń wò mí bí ọmọ tí ń wo ẹnu ọ̀nà kí ìyá rẹ̀ wọlé. Ìbá rọrùn fún mi láti dárúkọ ìlú kan kí n fi tù ú nínú. Àbúrò mi ti pa ojú dé. Mo ní, "N kò mọ̀. Mo wá wọn, n kò rí wọn." Mo sì gbé ẹfun náà lé e lọ́wọ́, mo sọ ọ̀nà fún un bí mo ti rìn ín.

Ó gbóòórùn ẹfun náà, ó fi kun iwájú orí, ó sì sunkún sókè. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó mú ọ̀nà odò, kò bojú wẹ̀yìn. Gbòǹgbò tú lẹ́sẹ̀ Ọdẹ́wùmí, mo sì gbé e kọ́ ọrùn. Àwọn tó ti di igi tán kò padà.

Ọjọ́ tí a wọlé, ìbọn dún, àwọn obìnrin hó yèè, Àwẹ̀ró sì dì mọ́ ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Oníṣòwò aṣọ kan tó jẹ́ àlejò Baálẹ̀ gbọ́ ibi tí mo ti ń bọ̀, ó sì béèrè pé, "Níbo gan-an ni Ìdó-Ẹfun yìí wà?" N kò tíì sọ apó kalẹ̀ tí Baálẹ̀ fi nawọ́ sí ìlà-oòrùn, tí àwọn ìjòyè méjì sì nawọ́ sí ibòmíràn! Ọdẹ́wùmí ló di ọ̀pá rẹ̀ mú, tó dìde lórí ẹsẹ̀ tí ń gbọ̀n, ó ní, "Àlejò, èmi ò mọ̀ ọ́n, àwọn náà ò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi, òun ló débẹ̀." Baálẹ̀ pè é ní ahun níwájú ìyàwó rẹ̀. Ọdẹ́wùmí kàn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ìlú ẹlẹ́ni kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Ẹ lọ síbẹ̀, tàbí kí ẹ bi ẹni tó débẹ̀, bí ẹ kò bá sì lè ṣe méjèèjì, ẹ sọ fún àlejò pé ẹ kò mọ̀, kí ó lè bi ẹlòmíràn. Ó yá, ẹ wí i kí n gbọ́: n kò mọ̀. Ohùn yín kéré jù. Ẹ pariwo rẹ̀, kí àwọn tó dé fìlà nínú igbó yẹn lè gbọ́ ọ.