Ìwé Tí Wọ́n Ní Kò Sí

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ olórí àwọn tó ń tọ́jú ìwé ní káńsù ìlú kan. Èèyàn dáadáa ni. Kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í gba rìbá, kò sì sí ìwé tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ohun kan ṣoṣo ni mo rí bá a wí: ó gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbọ́ ju bó ti yẹ lọ. Bí ẹnì kan bá wá béèrè ìwé, yóò tẹ ohun tí ẹni náà bá sọ sínú ẹ̀rọ, yóò tẹjú mọ́ ọn, yóò sì sọ ohun tí ẹ̀rọ bá sọ. Bí ẹ̀rọ bá ní kò sí, òun náà á ní kò sí, á sì pe ẹni tó kàn.

Ibi mẹ́ta ni wọ́n ń kó ìwé ilẹ̀ àti ilé sí ní ìlú náà. Ìwé tó fún èèyàn láyè láti kọ́lé wà ní káńsù. Ìwé tí ẹni tó ta ilẹ̀ àti ẹni tó rà á jọ fọwọ́ sí wà ní kóòtù. Àwòrán ilẹ̀, tó ń fi ààlà hàn, wà ní ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò tirẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó gbọ́ èdè èkejì rẹ̀. Ohun tí káńsù ń pè ní àṣẹ ìkọ́lé, pílánù ni gbogbo ìlú ń pè é. Ohun tí àwọn awọnlẹ̀ ń pè ní pílánù, nǹkan mìíràn ni pátápátá, àwòrán ilẹ̀ ni. Kóòtù ní tirẹ̀ kì í fi orúkọ ẹni tó ra ilẹ̀ wá ìwé, orúkọ ẹni tó tà á ni wọ́n fi ń wá a. Ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé èyí fún aráàlú. Wọ́n kàn ń sọ fún wọn pé kò sí.

Nígbà tó yá, ìjọba fẹ́ la ọ̀nà ńlá gba àárín ìlú kọjá. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn ilé tó wà lójú ọ̀nà. Wọ́n kéde pé ẹni tí ìwé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, ọ̀nà yóò yà fún ilé rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé, katapílà yóò wó ilé náà.

Ilé ìyá àgbà kan wà lára àwọn ilé náà. Agbẹ̀bí ni obìnrin yìí kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí àdúgbò kan ní ìlú náà tí kò ti gbẹ̀bí. Iná ti jó àpótí rẹ̀ ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, ìwé ọwọ́ rẹ̀ sì bá a lọ. Ìdí nìyí tó fi gba káńsù lọ.

“Ọmọ mi, pílánù ilé mi ni mo wá gbà.”

Olórí ìwé tẹ pílánù, ó sì tẹ orúkọ ìyá náà tẹ̀ lé e. “Kò sí, Mà.”

“Jọ̀ọ́, tún un wò.”

“Mo ti wò ó dáadáa, Mà. Kò sí.”

Ìyá náà lọ sí kóòtù, wọ́n ní kò sí. Ó béèrè àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn awọnlẹ̀, wọ́n ní kò sí. Ó padà sí káńsù lẹ́ẹ̀kejì, ó tún padà lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta yìí, olórí ìwé kò tilẹ̀ tẹ nǹkan kan mọ́, orí ló kàn mì sí i. Obìnrin tó gbẹ̀bí ìyá tirẹ̀ gan-an ló ń mi orí sí o! Inú ń bí mi títí di òní tí mo bá rántí rẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá, ọkùnrin yìí ń wá ìwé ilé mìíràn ní òpópónà kan náà. Ó tẹ orúkọ òpópónà, àwọn ìwé sì tò wá. Ó ń wò wọ́n lọ, àfi bó ṣe rí i láàárín wọn: àṣẹ ìkọ́lé, Ìbídùnní Akínṣọlá. Ìyá agbẹ̀bí ni. Òógùn bò ó lábẹ́ fáànù. Ìwé náà ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí wá. Ẹ̀rọ kò parọ́, pílánù ni wọ́n bi í, kò sì ní ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun tó jẹ́ èèyàn, tó mọ ohun tí ará ìlú rẹ̀ ń pe nǹkan, òun ló yẹ kó ronú kàn án.

Kò dúró jẹun ọ̀sán. Ó dé ilé ìyá náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ìyá, ìwé yín wà. Èmi ni mo ní kò sí.”

Ìyá náà fà á lọ́wọ́ sókè. “Dìde. Ẹyọ kan lo rí. Méjì tó kù ńkọ́?”

Ọkùnrin náà forí lé kóòtù àti ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀. Ó ti pinnu ohun tí yóò sọ: kí wọ́n da gbogbo ìwé wọn sínú ẹ̀rọ káńsù, kí ohun gbogbo wà lójú kan. Obìnrin tó ń ṣe olórí ìwé ní kóòtù bi í pé, “Ṣé káńsù ló wá di ọ̀gá wa báyìí?” Olórí àwọn awọnlẹ̀ ní tirẹ̀ ní, “Ẹ kọ́kọ́ rí èyí tó wà lọ́wọ́ yín ná, kí ẹ tó wá kó tiwa.” Ọjọ́ méjì ṣòfò síbẹ̀. Mo rò pé èsì tí wọ́n fún un tọ́ sí i.

Ó jókòó, ó rò ó. Ó wá yé e pé kì í ṣe ìwé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ni òun nílò. Ohun tí òun nílò ni pé kí ìbéèrè tí wọ́n bá bi òun lè yé wọn lọ́hùn-ún. Ó padà lọ, kò mú ju bébà kan àti báírò kan lọ́wọ́.

“Ẹ máa lo ẹ̀rọ yín,” ó sọ fún wọn. “Ẹ pa ìwé yín mọ́ sọ́dọ̀ yín. Orúkọ tí ẹ ń pe nǹkan nínú ilé yín, ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kàn fẹnu kò lórí bí ẹni tó wá láti ìta yóò ṣe máa béèrè, àti bí a ó ṣe máa dá a lóhùn.”

Obìnrin kóòtù bi í pé, “Ta ni yóò ni bébà yẹn?”

“Kò ní jẹ́ ti ẹnì kankan. Ara ògiri ìta la ó lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ máa kọ ọ́ lọ.”

Obìnrin náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó. Wọ́n jiyàn títí, àárọ̀ kan gbáko ni wọ́n lò lórí pílánù nìkan. Wọ́n fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan tí gbogbo wọn yóò máa pè é lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbà pé a lè fi orúkọ olùrà wá a, tàbí ti olùtà, tàbí òpópónà. Wọ́n ní ẹni tó bá mú ìwé jáde láti tún un ṣe gbọ́dọ̀ fi àmì sílẹ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju ti àtijọ́ nù nígbà tí tuntun bá dé. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ni yóò ṣì máa pinnu ẹni tó lè rí ìwé rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ nìyí: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé kò sí láìsọ orúkọ tí òun fi wá a.

Wọ́n fún àwọn oníṣòwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹ̀dà bébà náà, kí wọ́n mú ẹ̀rọ wọn bá a mu, kí ọ̀kan lè máa béèrè ìwé lọ́wọ́ èkejì. Ọ̀kan nínú wọn ní àfi bí gbogbo wọn bá ra ẹ̀rọ tòun. Wọ́n sọ fún un pé àwọn méjì tó kù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò jẹ́ kí wọ́n tún un sọ, òun ló kọ́kọ́ parí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kọkànlélógún, katapílà ti ń bú ramúramù níwájú ilé agbẹ̀bí. Àwọn aládùúgbò ti ń kó ìkòkò àti ibùsùn rẹ̀ jáde. Olórí ìwé jókòó sí káńsù. Ó tẹ orúkọ ìyá náà àti òpópónà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ti káńsù yọ. Ti kóòtù yọ. Àwòrán ilẹ̀ yọ tẹ̀ lé wọn, pẹ̀lú ààlà rẹ̀ àti gbogbo òpó tí wọ́n rì sí ààlà náà. Ọkùnrin náà kígbe, gbogbo ọ́fíìsì dìde, wọ́n ń lu tábìlì. Ó gba àwọn ìwé náà lẹ́nu ẹ̀rọ, ó bẹ́ sórí ọ̀kadà.

Ẹnjiníà ọ̀nà ka ìwé kìíní, ó ka ìkejì, ó tẹ́ ìkẹta lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀, ó fi ìka tọ ààlà náà yí ká. Lẹ́yìn náà ló juwọ́ sí awakọ̀ katapílà pé kó yí padà. Ariwo ayọ̀ sọ! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ilé mẹ́tàdínlógún mìíràn ti rí ìwé tí wọ́n ti ní kò sí. Àwọn èèyàn ń ha ọ̀dà pupa kúrò lára ògiri, wọ́n ń kọrin.

Ìyá agbẹ̀bí di ọkùnrin náà lápá mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. “Ẹsẹ̀ lo kọ́kọ́ mú jáde lọ́jọ́ tí mo gbà ọ́,” ó ní. “Ìgè ni ọ́. Mo ti mọ̀ látìgbà náà pé wàá pẹ́ díẹ̀ kí o tó kọjú síbi tó yẹ. Ọlọ́run á bù kún ọ.”

Bébà náà kò mọ sí ìlú yẹn. Ọsibítù kọ ọ́ lọ, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kọ ọ́ lọ, wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní báyìí, bí oníṣòwò kan bá gbé ẹ̀rọ tuntun wá síbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi í ni bóyá ó lè ṣe ohun tó wà lára ògiri.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, ìwọ ni mo ń bá wí. Láti àárọ̀ lo ti ń sọ pé àwọn àbúrò rẹ kò gbọ́ tìrẹ, pé bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín wọ̀, kí wọ́n wá máa ṣe bí o ṣe ń ṣe. Wọn kò ní ṣe é. Olúkúlùkù wọn ti ní ilé, ó sì ní bó ṣe ń tò ó. Fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kàn jókòó pọ̀, kí ẹ mọ bí ẹ ó ṣe máa bi ara yín ní nǹkan tí yóò fi yé ara yín. Àbúrò rẹ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú wá bá ọ lóṣù tó kọjá pé kí o máa yọjú sí òun. O ní o kò ní àyè. Kì í ṣe àyè ló ń wá. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wá. Ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ, o sì sọ fún un pé kò sí. Dìde, lọ bá a lónìí yìí, kí o sọ fún un pé ohun tí o ní kò sí, o ti rí i.