Ẹ Kẹ́ Mi, Ẹ Má Dí Mi Nímú

Bí ẹ bá dé Òkè-Arómi, tí ẹ rí ìyàwó tuntun tí ìyá ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó gbálẹ̀, kò jẹ́ kó pọnmi, kò jẹ́ kó jáde lọ kí ọ̀rẹ́, ẹ óò gbọ́ tí ìyàwó náà á rọra kúnlẹ̀, á ní: “Màmá, ẹ kẹ́ mi, ẹ má dí mi nímú.” Ìyá ọkọ á bú sẹ́rìn-ín, á sì fi í sílẹ̀. Àlejò tó bá wà níbẹ̀ á máa wo imú ìyàwó, á máa wo ọwọ́ ìyá ọkọ, kò ní rí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Ta ló dí ta nímú? Kí ni ìkẹ́ fẹ́ fi imú ṣe? Akọ̀wé kan láti Ìbàdàn bi àwọn ará ìlú léèrè rí, wọ́n ní kó lọ bi kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin náà bínú, ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣẹ̀sín ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún un. Kọ̀ǹpútà ló bí òwe náà, ẹ sì sún mọ́ mi dáadáa, torí bí mo bá ti ń sọ ìtàn yìí, inú mi máa ń dùn débi pé n kì í lè jókòó sójú kan.

Obìnrin kan wà ní ìlú náà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Lànà. Ìrọ̀rí ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń rán ìrọ̀rí tí àwọn ìyàwó ń gbé lọ sílé ọkọ, òwú gidi ló sì ń kì sí i nínú, kì í ṣe àkísà tí àwọn mìíràn ń gé wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá wọ ilé rẹ̀, òwú á bà yín lórí, á bà yín léjìká, ẹ óò jáde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu ewú. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kò mọ ìwọ̀n. Bó bá fẹ́ràn ẹ, á fún ẹ lóúnjẹ títí ikùn rẹ á fi máa bẹ̀ ẹ́. Ewúrẹ́ kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tó kẹ́ títí tí ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́.

Àkọ́bí rẹ̀, Olúlànà, ń gbé ní Kánádà pẹ̀lú Títílọpẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ọmọ. Ìyá Lànà gbààwẹ̀, ó gbàdúrà, orúnkún rẹ̀ le bí àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí Títílọpẹ́ wá lóyún, obìnrin náà jó yí ilé ká pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, díẹ̀ ló kù kó gún ara rẹ̀. Olúlànà sì fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ sílé, kí ìyá rẹ̀ lè máa rí wọn, kó sì lè fojú rí ọmọ lọ́jọ́ ìkómọ. Fóònù Ọmọ́wùmí, àbúrò Olúlànà tó ń ṣe tíṣà nílùú, wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú fóònù náà ti sán débi pé ẹni tó bá yọ níbẹ̀ á dà bí ìgbà tí èèyàn mẹ́ta ń jà.

Ojú ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní agbo ilé wọn, ìyá bàbá ọmọ ló ń fún ọmọbìnrin ní oríkì. Á wo ọmọ lójú, ọmọ á wò ó padà, ìgbà náà ni yóò tó pè é. Bí ẹlòmíràn bá ṣáájú rẹ̀ pè é, ohun tí ẹni yẹn pè ló di ti ọmọ, kò sí àtúnṣe. Oríkì kan sì wà lẹ́nu Ìyá Lànà tó ti ń wá ẹni tí yóò gbé e wọ̀: Àbẹ̀kẹ́, oríkì ìyá tó bí i. Ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀bẹ̀ wá báyìí, kí ni ì bá tún máa jẹ́?

Ìyá rẹ̀ yìí kan náà ló fi àrán pupa kan sílẹ̀ fún un kó tó kú. Ìyá Lànà gé e sí méjì. Ó fi ìdajì ránṣẹ́ sí Kánádà pé kí wọ́n fi wé ọmọ lọ́jọ́ ìkómọ. Ìdajì kejì ló fi da kọ̀ǹpútà lọ́lá. Ó ní ẹ̀rọ tí òun yóò fi rí ọmọ ọmọ òun, ọba ni nílé òun. Ó gbé e ka orí ìrọ̀rí tó rọ̀ jù lọ nínú èyí tó rán, ó fi àrán bò ó, bí Ọmọ́wùmí bá sì ń lò ó, ojú ẹ̀rọ nìkan ni àrán máa ń ṣí sílẹ̀. Ọmọ́wùmí ní kí àwọn gbé e sórí tábìlì. Ìyá bi í pé ṣé orí pákó lòun ti tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ́wùmí fi í sílẹ̀ lórí ìrọ̀rí.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í mí fùù-fùù. Ara rẹ̀ gbóná. Ọyẹ́ ti mú nígbà náà, Ìyá Lànà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rọ náà bí a ṣe ń kan ọrùn ọmọdé, ó ní ibà ni. Ẹ sì mọ ohun tí à ń ṣe fún ẹni tí ibà bá dá dùbúlẹ̀: a ó da aṣọ bò ó kó lè làágùn. Ó mú aṣọ òfì, ó dà á lé àrán lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ yín ló ń mí, kí lẹ fẹ́ ṣe?

Títílọpẹ́ bímọ, ó bí obìnrin. Ìyá Títílọpẹ́ ti wà lọ́dọ̀ wọn ní Kánádà láti tọ́jú ìyá àti ọmọ, òun náà sì ti bẹ Ọlọ́run títí. Nígbà tí ìkómọ ku ọ̀la, wọ́n ní kí àwọn dán ẹ̀rọ wò. Wọn ò tíì kí ara wọn tán tí kọ̀ǹpútà fi kú. Wọ́n tan án, ó tún kú. Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ibẹ̀ sì ni Ìyá Títílọpẹ́ ti sọ ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú ẹ̀rín.

“Àna mi, ẹ má ṣèyọnu rárá. Bí ẹ̀rọ yín bá tún kú lọ́la, mo ní oríkì lẹ́nu. Ọmọ ò ní ṣaláì ní oríkì.”

Ìyá Lànà dá a lóhùn pé ó dáa, ẹ ṣeun. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á, mi ò lè parọ́ fún yín. Bí oríkì ìyá rẹ̀ kò bá bọ́ sórí ọmọ yìí, kò mọ ibi tí yóò tún bọ́ sí.

Ọjọ́ ìkómọ pé. Ọ̀sán wa ni òwúrọ̀ tiwọn, nítorí náà ilé Ìyá Lànà ti kún kí oòrùn tó gun àtàrí. Àwọn àgbà ẹbí jókòó, oyin wà nílẹ̀, iyọ̀ wà nílẹ̀, omi wà nínú àwo. Ọmọ́wùmí tan kọ̀ǹpútà lórí ìrọ̀rí. Ojú Olúlànà yọ, ariwo ayọ̀ sọ. Ìyá Lànà là ẹnu láti kí ọmọ rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà sì ṣókùnkùn. Ara rẹ̀ gbóná débi pé èèyàn ò lè gbé ọwọ́ lé e. Ìyá Lànà sáré lọ rẹ aṣọ sínú omi tútù pé òun fẹ́ fi nù ún lára. Ọlọ́run ló ní kí Ọmọ́wùmí dì í lọ́wọ́ mú.

Ọmọ́wùmí fi fóònù bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí wọ́n dúró díẹ̀. Olúlànà ní àlùfáà tí yóò gbàdúrà ní ibòmíràn tó ń lọ, kò lè dúró pẹ́. Ni Ọmọ́wùmí bá pe Mọnsúrá, obìnrin tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá gáréèjì. Ẹnu Mọnsúrá kì í dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ náà kì í dákẹ́. Ó gun ọ̀kadà dé, ó wo ìrọ̀rí, ó wo àrán, ó wo aṣọ òfì.

“Ta ló ń ṣàìsàn níbí?” ló kọ́kọ́ bi wọ́n.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, ó fa wáyà iná rẹ̀ yọ, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tú àwọn nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ bátìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo ilé ti yí i ká, àwọn àgbà ń na ọrùn. Nígbà tó ṣí i tán, ó tọ́ka sí ohun róbótó kan tó ní abẹ̀bẹ̀ wẹ́wẹ́, ó ní fáànù rẹ̀ nìyí. Mo ní fáànù, àmọ́ wọn ò rí fáànù. Òwú ni wọ́n rí. Òwú ti wé mọ́ ọn, eruku ọyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ òwú, ó di odidi bí ìtẹ́ ẹyẹ. Mọnsúrá fi ẹnu irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn fà á jáde, ó gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i.

“Ìyá, kí lẹ fi ẹ̀rọ yìí ṣe?”

“Mò ń kẹ́ ẹ ni,” Ìyá Lànà dáhùn.

“Imú ẹ̀ lẹ dí. Ìsàlẹ̀ ibí yìí ló ti ń fa atẹ́gùn tútù, ẹ̀gbẹ́ ibí yìí ló ti ń mí ooru síta. Ìrọ̀rí dí ìsàlẹ̀, aṣọ dí ẹ̀gbẹ́, òwú wọ inú. Ó ń pa ara ẹ̀ kó má bàa jóná ni.”

Ìyá Lànà gbé ìrọ̀rí náà, ó lọ jù ú síta fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀, ara mi ti ń yá gágá báyìí. Mọnsúrá fi ìka kan di fáànù mú kó má baà yí lódìlódì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá àárín abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Àwọn irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó tò bí eyín ìyarun, ibẹ̀ ni òwú pọ̀ sí jù, ó sì ń fà á yọ díẹ̀díẹ̀. Bàbá àgbà kan tẹ̀ síwájú pé òun fẹ́ bá a fẹnu fẹ́ ẹ, Mọnsúrá ní itọ́ baba ò gbọdọ̀ kan ibẹ̀. Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tú atẹ́gùn jáde, ó fẹ́ ẹ, eruku rú sókè, gbogbo ilé sín. Fóònù dún. Olúlànà ni. Àlùfáà ti gbé oyin sọ́wọ́. Ọmọ́wùmí bẹ̀bẹ̀ pé díẹ̀ ló kù, wọ́n sì gbọ́ ohùn Ìyá Títílọpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ pé ọmọ ti ń sunkún jù, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ṣe é. Ìyá Lànà ní kí Mọnsúrá bá òun yára.

Mọnsúrá fi ìka ta fáànù. Ó yí fìrì, kò ha mọ́ ibì kankan. Ó dá bátìrì padà, ó dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e jókòó sórí pákó tábìlì láìtẹ́ nǹkan kan sí i. Ọwọ́ Ìyá Lànà lọ sí àrán fúnra rẹ̀. Mọnsúrá wò ó. Ìyá Lànà yára ká àrán náà, ó jókòó lé e.

Kọ̀ǹpútà tàn. Kò ké, kò mí fùù. Ojú Olúlànà yọ kedere, ti Títílọpẹ́ yọ, ojú àlùfáà náà yọ. Ìyá Títílọpẹ́ wá bọ́ síwájú, ó gbé ọmọ dání, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. Ó ní kí àna òun wo àrán wọn lára ọmọ, láti àárọ̀ lòun ti fi wé e kí ọlá tí wọ́n fi ránṣẹ́ má baà wọlẹ̀, òun sì da súwẹ́tà àti aṣọ òtútù lé e nítorí yìnyín. Ó ṣe é tọkàntọkàn. Kò sí ibi kankan nínú rẹ̀.

Ilé dákẹ́ fún Ìyá Lànà láti pe oríkì. Ó tẹ̀ síwájú láti wo ọmọ lójú. Ojú náà wà ní dídì. Àrán pupa ló rí, ó bo ọmọ títí dé imú, iwájú orí rẹ̀ ń làágùn, ó pọ́n kankan. Ọmọ kò sunkún mọ́. Ó ń mí fùù-fùù. Ìyá Lànà mọ ohùn yẹn. Oríkì ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ohun mìíràn ló jáde.

“Àna mi, ẹ kẹ́ ẹ, ẹ má dí i nímú. Ẹ tú àrán yẹn kúrò lára ẹ̀.”

Àwọn àgbà wo ara wọn. Wọ́n ti dúró de oríkì látàárọ̀, àrán ìyá rẹ̀ ni obìnrin yìí ní kí wọ́n bọ́ dànù. Ojú Ìyá Títílọpẹ́ kọ́kọ́ yí padà. Ó wá wolẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ kíákíá: ó tú aṣọ òtútù, ó tú súwẹ́tà, ó tú àrán. Ọmọ mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́, ó ya ẹnu, ó la ojú méjèèjì gbàǹgbà, ojú náà sì bọ́ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà wà.

Ẹ gbọ́ o, bí Ìyá Títílọpẹ́ bá fẹ́ pe oríkì tirẹ̀, àkókò rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọmọ náà súnmọ́ ojú ẹ̀rọ.

“Ó ń wò yín,” ló wí. “Ẹ pè é.”

“Àbẹ̀kẹ́,” Ìyá Lànà pè é, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ilé gbè é, Kánádà gbè é, kọ̀ǹpútà kò kú títí wọ́n fi tọ́ ọmọ ní oyin, tí wọ́n tọ́ ọ ní iyọ̀. Mọnsúrá tó ní òun ń lọ kò lọ mọ́, ó jókòó jẹun.

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà ti ń jókòó sórí pákó. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ lọ, Ìyá Lànà fúnra rẹ̀ ló ń gbé e tọ Mọnsúrá lọ pé kó bá òun wo imú rẹ̀. Ewúrẹ́ náà jáde lọ sínú pápá, ó tún ń rìn. Àrán méjèèjì ni wọ́n padà rán pọ̀, ó wà nínú àpótí Àbẹ̀kẹ́, ó ń dúró de ìgbà tí ọmọ náà bá tó o wọ̀.

Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ó sì di ti gbogbo ìlú. Bí ẹnì kan ní Òkè-Arómi bá sọ fún yín pé, “Ẹ kẹ́ mi, ẹ má dí mi nímú,” ẹ má wo imú rẹ̀. Ọwọ́ ara yín ni kí ẹ wò.