Bébà Tí A Kò Dì Mú Kí Omi Tó Kàn Án

Ọkùnrin kan wà tí ó ń fi ọ̀dà olómi ya àwòrán. Ìlú rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti kọjá odi ìlú náà. Bí ó bá ya ewúrẹ́ fún ọ, wàá fẹ́ wá okùn tí wàá fi so ó mọ́lẹ̀.

Jókòó. Má ṣe dá mi lóhùn. Láti àárọ̀ ni o ti ń sọ tìrẹ: ìyàwó rẹ ti yí padà, ojú rẹ̀ ti le, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti di ẹ̀gún, o sì ti ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀. O wá bá mi kí n lè sọ fún ọ pé o káre. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, inú mi sì ń ru. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ti ayàwòrán yìí fún ọ, kí n má baà sọ ohun tí ó wà lẹ́nu mi gan-an.

Ẹni tí ó ń fi ọ̀dà olómi ṣiṣẹ́ ní ọ̀tá kan, omi tí ó fi ń ṣiṣẹ́ náà sì ni ọ̀tá ọ̀hún. Bí omi bá kan bébà gbígbẹ lójijì, ibi tí ó tutù á fẹ̀, ibi tí ó gbẹ á kọ̀, àwọn méjèèjì á sì máa bá ara wọn jà. Bébà á wú níbì kan, á jìn níbòmíràn. Ọ̀dà á ṣàn lọ sínú kòtò, á dúró síbẹ̀ bí omi ẹ̀gbin lójú títì. Ilé tí o fà ní títọ́ á wá tẹ̀ bí ọ̀mùtí.

Àwọn olówó ní ọ̀nà tiwọn. Wọ́n ń ra bébà tí ó nípọn bí awọ, èyí tí omi kì í tètè rí mú. Ọ̀gá tí ó kọ́ ọkùnrin yìí níṣẹ́ kò rí owó irú bébà bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú, síbẹ̀ bébà kan kò hunjọ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Á mú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á rì í bọ omi tútù nínú ọpọ́n títí yóò fi mu omi yó, tí yóò sì fẹ̀ dé ibi tí ó lè fẹ̀ dé. Á tẹ́ ẹ sórí pákó tí ó tú lára àpótí ọjà. Á fi ọwọ́ pa á láti àárín lọ sí etí, kí afẹ́fẹ́ má baà há sábẹ́ rẹ̀. Á ya bébà àpò sìmẹ́ǹtì ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, á fi ẹ̀kọ gbáàgúdá kùn ún, irú ẹ̀kọ tí àwọn aládìrẹ fi ń ya ọnà sára aṣọ, á sì fi lẹ etí bébà náà mọ́ pákó yíká, láìfi igun kan sílẹ̀. Á wá gbé e síbi ìbòòji, lókè tí ewúrẹ́ kò ti ní lá ẹ̀kọ rẹ̀ jẹ, títí di ọjọ́ kejì. Kì í gbé e sóòrùn, nítorí oòrùn a máa kánjú, ìkánjú a sì máa fa bébà ya.

Bí ó bá ti ń gbẹ, bébà náà á fẹ́ súnkì, ṣùgbọ́n a ti dì í mú létí. Á le gbọnyin. Lẹ́yìn ìyẹn, da omi sí i bí o ṣe fẹ́. Ó ti mọ omi. Ó ti rí ohun tí ó dì í mú. Á mì díẹ̀, á sì tún tẹ́.

Pákó àlòkù, ẹ̀kọ ẹ̀kúnwọ́ kan, àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti sọ nù, àti sùúrù. Nínú gbogbo wọn, sùúrù nìkan ni a kì í rí he nílẹ̀.

Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí mọ ọ̀nà náà. Ìyẹn gan-an ni ó ń bí mi nínú. Bí ó bá jẹ́ pé kò mọ̀ ni, ǹ bá bá a kẹ́dùn. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ wá dún, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í kí àlejò wọlé kí ó sì bá ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó ra píìnì mẹ́rin. Ó ń fi wọ́n gún bébà gbígbẹ mọ́ pákó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní ó ti tó. Fún àwòrán kékeré tí kò gba omi púpọ̀, ó máa ń tó lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan mú ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá náà ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ìjọba fẹ́ fẹ títì, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ fún un. Ọ̀tunla ni katapílà ń bọ̀. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú un lọ sí ìlú tí òun ń gbé, ṣùgbọ́n ìyá ní òun kò lọ bí òun kò bá mú ilé náà dání.

"Ẹ ò ṣe kúkú ya fótò rẹ̀?" ni ayàwòrán béèrè.

"Ohun tó kù ni fótò á yà," ni ìyá dáhùn. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ti wó. Igi àgbálùmọ̀ wa ti kú. Ṣé fótò á ya igi tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ni? Èmi fúnra mi ni màá jókòó tì ọ́, màá máa nawọ́ pé ibí ló wà, báyìí ló ṣe rí. Bí wọ́n bá wó ilé náà tán, ibo ni n ó nawọ́ sí? Orí mi ti ń gbàgbé, ọmọ mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Lọ́la, ẹ ó rí ilé yín."

Bébà ńlá kan ṣoṣo ló kù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ni. Àyè ṣì wà láti rì í bọ omi, láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, kí ó sì gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyàwó rẹ̀, tí ó ń ya ọnà sára àdìrẹ lẹ́yìnkùlé, gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ó yọjú sí i.

"Bàbá Ayọ̀ká, ẹ̀kọ mi ṣì gbóná nínú ìkòkò. Ṣé kí n bù ú wá fún bébà yín?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀kọ? Ṣé àwòrán ni mo fẹ́ yà ni, àbí ìró? Mo ti kọjá ẹni tí ń fi ẹ̀kọ lẹ nǹkan."

"Ẹ̀kọ ò mọ ẹni tó ti kọjá òun o," ni ìyàwó wí. "Lílẹ̀ ni tirẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ ní kí ó lọ wá iṣẹ́ ṣe. Òun náà wá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ: ó lọ sí ìdí ayò. Ó jẹ ọ̀ta lọ́jọ́ náà. Wọ́n yìn ín títí tí wọ́n fi tú ká.

Ní òwúrọ̀, ó fi píìnì mẹ́rin gún bébà gbígbẹ mọ́ pákó, ó sì jókòó síwájú ilé náà. Ìyá àgbà jókòó tì í lórí àpótí. Ìyá ń sọ, òun ń fi lẹ́ẹ̀dì fà á.

"Rárá, igi náà sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka rẹ̀ kan wà lórí páànù. Bí àgbálùmọ̀ bá já lu páànù, ọkọ mi á ta jí, á ní, 'Ta nìyẹn?' Èmi á ní, 'Olè tó fẹ́ wá jí ọ gbé ni!'"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sọ pé ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dìde lórí bébà, igi dìde. Títí dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára, nítorí bébà gbígbẹ àti lẹ́ẹ̀dì kì í jà.

Ó wá ri búrọ́ọ̀ṣì ńlá bọ omi, ó sì da àwọ̀ sánmà sórí bébà.

Bébà náà wú láàárín bí àkàrà nínú epo. Píìnì kan fò jáde.

"Ọmọ mi, kí ló ń ṣe òrùlé mi?"

"Kò sí nǹkan kan, ìyá."

"Òrùlé ọkọ mi kì í ṣe wíwọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Kò kan òrùlé wíwọ́ rí láyé rẹ̀."

Òógùn bo ọkùnrin náà. Ó tẹ bébà níbí, ó wú lọ́hùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u: "Bébà burúkú! Bébà olóríkunkun!" Ó bú ẹni tí ó tà á, ó bú ẹni tí ó ṣe é. Ó sáré lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan lódìkejì títì, ó gbé ayọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀.

Télọ̀ ń pariwo tẹ̀lé e: "Ẹ rọra o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èédú sí i ni!"

Kò gbọ́. Ó gbé ayọ́ọ̀nù lé bébà tútù. Ó dún ṣìì. Àwọ̀ sánmà lẹ̀ mọ́ irin, ó sì wọ́ kọjá lórí òrùlé. Igi àgbálùmọ̀ di ẹrẹ̀. Nígbà tí ó fi máa gbé irin náà kúrò, ojú iná ti wà níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, ó dúdú, ó ṣe ṣóńṣó bí ẹnu ayọ́ọ̀nù.

Ìyá àgbà nawọ́ sí ibẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló béèrè.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bébà yìí á wú?"

"Bébà ọ̀hún ni kò dára," ni ó wí.

Ìyàwó rẹ̀ ti gbé oúnjẹ dé lákòókò náà, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti abọ́ lọ́wọ́. Ó wo bébà. Ó wo ìyá àgbà. Ó ní, "Ẹ̀kọ náà ti dì nínú ìkòkò."

Kò sí ibi tí wọ́n ti lè rí bébà mìíràn rà ní ìlú náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, katapílà dé, ilé náà sì di òkìtì. Ìyá àgbà ká bébà jíjó náà mọ́ abíyá lọ sí ìlú ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbé e kọ́ síwájú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá kí i, á nawọ́ sí ojú iná náà, á béèrè pé, "Kí ló wà níbí nígbà kan?" Kò sí ẹni tó mọ̀. Nígbà tó yá, òun náà kò mọ̀ mọ́, kò sì béèrè mọ́.

O ń mi orí. O ń kẹ́dùn ìyá àgbà. Má ṣe bá mi kẹ́dùn ìyá kankan! Ìwọ ni ayàwòrán náà.

O mú ọmọ ọlọ́mọ wọ agboolé yín. O mọ bí omi ilé yín ṣe tutù tó. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí ọ sí. Ṣé o jókòó tì í lọ́jọ́ kan kí o sọ fún un pé, "Báyìí ni ìyá mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀, báyìí ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí, má fòyà, mo wà pẹ̀lú rẹ"? Ṣé o pe ìyá rẹ sí kọ̀rọ̀ kí o bẹ̀ ẹ́ nítorí rẹ̀? O fún un ní yàrá, owó ọbẹ̀, aṣọ ọdún àti orúkọ rẹ. Píìnì mẹ́rin. O ní ó ti tó, o sì gba ìdí ayò rẹ lọ.

Wọ́n wá da omi. Wọ́n bú ọbẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bú ikùn rẹ̀ tí kò tíì gbé ọmọ. Wọ́n ń pè é ní àlejò nínú ilé tí ó ń gbá ní àràárọ̀. O gbọ́. Má purọ́ fún mi, ògiri ilé yín kò nípọn tó bẹ́ẹ̀. O gbọ́, o sì dákẹ́, o ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ìgbà tí ó wá wú, tí ó ń fèsì, ìgbà yẹn ni o rántí pé o ní ẹnu. Ta ni o sì là á sí? Òun náà ni! O ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ níṣojú àwọn tí ó da omi sí i lára. O gbé irin gbígbóná lé ohun tí o kò tọ́jú, o wá jókòó síwájú mi, o ń sọ pé bébà ni kò dára.

Má sì sọ fún mi pé ọwọ́ rẹ ni kò tó o. Kí ọkùnrin dúró láàárín ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ kí ó ní, "Ó tó, ìyá mi," kò gba owó. Ẹ̀kọ ẹ̀kúnwọ́ kan ni. Ojú ló ń tì ọ́ kí àwọn ará ilé rí i lọ́wọ́ rẹ. Mo ti sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé onílé káàkiri ilẹ̀ yìí, mo sì ti gbọ́ ohun tí àwọn ìyàwó ń sọ sínú ìkòkò nígbà tí wọ́n rò pé àlejò ti sùn. N kò tíì rí èyí tí ó wú tí omi kò kàn.

Èèyàn kì í ṣe bébà, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Bébà tí iná jó ti jó. Èyí tí o lé lọ ṣì wà nílé bàbá rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lo sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé wọ́n ní kò tíì tú ẹrù rẹ̀. Ìwọ fi bú u, o ní àgídí ni. Òmùgọ̀! Obìnrin tí kò fẹ́ padà, ṣé á fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní dídì?

Kọ́kọ́ lọ bá ìyá rẹ, kí o sọ ohun tí ó yẹ kí o ti sọ. Sọ ọ́ pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ bá ìyàwó rẹ. Má rán alárinà, má rán ọ̀rẹ́. Bí bàbá rẹ̀ kò bá fún ọ ní àga, dúró. Bí òun náà bá bú ọ, má ṣe fèsì. Omi tìrẹ nìyẹn, mu ún yó.

Kí lo tún ń wò mí fún? Ẹ̀kọ ń dì nínú ìkòkò. Dìde!