Ihò Inú Àjà Tuntun

Ọkùnrin kan wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé tán, inú rẹ̀ sì ń dùn bíi ti ọmọ tó wọ bàtà tuntun. Nínú gbogbo ilé náà, àjà pálọ̀ ló fẹ́ràn jù. Ó funfun báláú, wọ́n sì ya òdòdó sí i láàárín. Bí àlejò bá wọlé, kó tó jókòó, ọkùnrin yìí á ti ní, "Ẹ gbójú sókè ná."

Ó wá ku kí oníná so àwọn ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké bí wọ́n bá gbóòórùn èéfín. Mẹ́ta ni wọ́n rà. Ọ̀kan lọ sí pálọ̀, ọ̀kan lọ sí ọ̀nà yàrá. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé.

"Ibí ni kó wà. Ẹni tó bá ń bọ̀ á kọ́kọ́ rí i."

Ìyàwó rẹ̀ mi orí. "Òkè àjà ni kí wọ́n gbé e lọ, sáàárín àjà àti páànù. Ibẹ̀ ni wáyà gbà kọjá, igi ló kún ibẹ̀, ibẹ̀ náà lẹ sì kó àwọn ẹní àtijọ́ Màmá sí kí wọ́n tó kan àjà."

"Ta ló ń gbé òkè àjà, Ìyá Fadérera?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀ nìyẹn."

Oníná ní òótọ́ ni. Bí nǹkan bá ń jó lókè, àjà á sé èéfín mọ́ ibẹ̀, àwọn ti ìsàlẹ̀ kò sì ní tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n òun á gé ihò onílẹ̀kùn kan sí àjà, kí èèyàn lè máa gòkè lọ yẹ ẹ̀rọ náà wò.

Ọ̀rọ̀ ihò yìí dun ọkùnrin náà.

"Àjà mi á wá dà bí ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ yọ."

"Eyín iwájú tiyín náà ti yọ, Bàbá Fadérera," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Mi ò sì tíì lé yín jáde."

Oníná rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí àkàbà. Ọkọ gbà, ṣùgbọ́n ó fajú ro. Obìnrin náà mọ ọkọ rẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ó, á ní kò sí nǹkan. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ẹ́ níbi iṣẹ́, á ní kò sí nǹkan. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó yìí ti ń fetí sí ohun tí kò hàn lójú.

Ọjọ́ ìṣílé pé. Àlejò kún pálọ̀, àwọn akọrin ìjọ ń kọrin. Ìyá ọkùnrin náà, arúgbó tí etí rẹ̀ ti di, ń sùn lórí àga ní yàrá. Bí iná ọba ṣe dé nìyẹn, gílóòbù sì mọ́lẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Kò pẹ́ tí nǹkan kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké lókè. Àwọn akọrin dákẹ́.

Ọkùnrin náà wo ẹ̀rọ pálọ̀, kì í ṣe òun ló ń ké. Ó wo ti ọ̀nà yàrá, kì í ṣe ìyẹn náà. Àjà ṣì funfun báláú. Ojú tì í níwájú àlejò.

"Kò sí nǹkan," ló wí. "Ẹ máa jẹun."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà létí ara rẹ̀ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń gbọ́ ọ. Ó wojú obìnrin náà. Ìyẹn ti di àkàbà mú dè é.

Ọkùnrin náà gùn ún tòun ti agbádá. Bó ṣe ṣí ihò náà, èéfín bò ó lójú. Wáyà kan ti yọ́, iná sì ti ń lá etí ẹní.

"Ẹ gbé Màmá jáde. Ẹ pa iná ní mítà. Ẹ bá mi bu yẹ̀pẹ̀ wá."

Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi kọ́lé ṣẹ́kù lẹ́yìnkùlé. Àwọn àlejò tò, wọ́n ń na garawa síra wọn títí dé ìdí àkàbà, iná náà sì kú kó tó mú igi. Wọ́n gbé arúgbó jáde tòun ti àga. Ó wo gbogbo wọn yíká, ó ní, "Ṣé wọ́n ti ń pín oúnjẹ ni?"

Ẹ̀rín gba àgbàlá kan. Orin tún bẹ̀rẹ̀, ó sì ròkè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń rẹ́rìn-ín tí àlàfo eyín rẹ̀ fi hàn. Ó ń fa àwọn àlejò lọ́wọ́ wọlé, ó ń ní, "Ẹ gbójú sókè ná." Kò fi òdòdó hàn wọ́n mọ́. Ihò ló ń nàka sí.

Ìwọ ni mo pa àkàwé yìí fún, ọ̀rẹ́ mi. Pálọ̀ rẹ dára, gbogbo wa la rí i. O máa ń kí èèyàn, o máa ń rẹ́rìn-ín. Òkè àjà rẹ ńkọ́, níbi tí o kó ìbínú àti ìbànújẹ́ àtijọ́ pa mọ́ sí? Dá ihò kan sí i, kí ẹnì kan lè máa gbà á wọlé. Bí ẹni tó ń fetí sí ohun tí kò hàn lójú rẹ bá ṣì wà nílé rẹ lónìí, dúpẹ́, kí o sì yọ̀. Nígbà tó bá sì bi ọ́ pé kí ló dé, má sọ pé kò sí nǹkan. Bá a gbé àkàbà.