Ẹ̀gún Tí Ọ̀jẹ̀wùmí Fi Ṣọ́ Oyin

Ẹni tó bá ń ṣọ́ aládùúgbò tọ̀sán-tòru kì í ráyè wo ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jẹ̀wùmí tó ń sin oyin lábúlé wa. Ó gbé àpótí oyin rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì ki ẹsẹ̀ tábìlì bọ inú agolo ọ́ìlì dúdú, kí ìjàlọ má baà gùn ún. Kò tún sí wàhálà mìíràn.

Ṣùgbọ́n ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé Ìyá Abíọ́nà, tí oko wọn jọ pààlà, fẹ́ jí oyin òun. Ó bá ṣá igi ẹlẹ́gùn-ún, ó tò ó láti ilẹ̀ ti ara àpótí náà yí ká.

Láìpẹ́, àpótí ṣófo. Ó wá rí kòkòrò oyin nínú ìkòkò òfìfo tí Ìyá Abíọ́nà gbé kọ́ orí igi lóko tirẹ̀.

“Ẹ ti fi oògùn kó oyin mi lọ,” Ọ̀jẹ̀wùmí lọ ké mọ́ ọn.

Ìyá Abíọ́nà fà á lápá lọ sídìí àpótí. Ìjàlọ ṣì ń tò gba orí ẹ̀gún wọ inú rẹ̀, wọn ò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kan ọ́ìlì.

“Ta ló la ọ̀nà yìí fún wọn?” Ìyá náà fìbínú bi í.

“Èmi ni,” Ọ̀jẹ̀wùmí wolẹ̀. “Torí yín ni mo ṣe kó o síbẹ̀.”

“Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. O pè mí lólè, ọ̀dọ̀ mi náà ni oyin ẹ sá wá. Má dé ìdí igi mi mọ́. Jẹ́ kí ẹ̀gún ẹ wà níbẹ̀, kó máa bá ọ ṣọ́ òfìfo àpótí.”